Ọ̀pá Géèmù Tí Kò Mọ Ọ̀tún Yàtọ̀ sí Òsì

Páàdì géèmù tí mo ń wá nígbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó ní: kó má mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ohun tó rọrùn ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó jáde nílé.

Ìlú Jẹ́dà là ń gbé, ní àdúgbò Sabil, èmi àti ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Mo ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì níbi tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu. Apoògùn ni ìyàwó mi ní ọsibítù kan. Ọmọ wa kò tíì pé ọdún méje, Jẹ́dà la sì bí i sí. Bí a bá bá a sọ Yorùbá, Lárúbáwá ló fi ń dá wa lóhùn, àfi tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ rà. Ọjà àlòkù tí wọ́n ń pè ní haraji, ní gúúsù ìlú, ni mo ti rí i lábẹ́ òkìtì fáànù àti áyọ́ọ̀nù. Irú èyí tó wà láyé ìgbà tí mo jẹ́ ọmọdé ni: kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹyọ kan náà, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òyìnbó, torí àwọn ọmọ Lárúbáwá ni wọ́n ṣe é fún. Mo gbé e lọ sí Mahjar, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí. Wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti jó nínú rẹ̀, ó sì tàn. Ìyàwó mi wo kọ̀ǹpútà náà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú oríire." Ìyàwó mi mọ bí a ti ń fi ìkíni bú èèyàn.

Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún mi fi páàdì kan ṣe ènì. Ọ̀pá kúkúrú kan dúró láàárín àpótí kékeré, bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo sì wà ní igun òkè lápá òsì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, òsì rẹ̀ ni yóò fi di àpótí mú, àtàǹpàkò òsì ni yóò fi máa tẹ bọ́tìnnì, ọ̀tún ni yóò sì fi darí ọ̀pá. Ìyẹn ni pé ọ̀tún ni ọ̀gá, òsì ni ọmọ ọ̀dọ̀. Nígbà tí àwọn páàdì pẹlẹbẹ dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n yí i padà: àtàǹpàkò òsì ló wá ń darí, ọ̀tún ló ń tẹ bọ́tìnnì. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yí i, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa títí dòní. Ká ní ìjọba ló ṣe irú ẹ̀, àwọn èèyàn ì bá ti tú síta.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kàn mí nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ wa. A ti kọ́ ọ pé ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó sì gbà. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá di ká yàwòrán, ká kọ̀wé, ká fi sísọ́ọ̀sì gé bébà, òsì ni. Ilé ìwé rẹ̀ kò bá a jà sí i. Èmi náà ò bá a jà, torí mo mọ bí ìjà yẹn ti ń rí.

Lẹ́yìn náà ni Màmá mi dé láti Ìsẹ́yìn.

Àlàájà ni wọ́n, wọ́n ti ṣe Hájì nígbà ayé bàbá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, Úmúrà ni wọ́n wá ṣe, kí wọ́n sì lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kó gààrí, ẹ̀lùbọ́ àti ọ̀rọ̀ wá. Bí wọ́n ti jókòó ni ọmọ mi sáré gbé omi wá fún wọn, ayọ̀ sì jẹ́ kó gbàgbé ara rẹ̀: òsì ló fi nà án. Màmá fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn bí ẹni tí iná fẹ́ jó.

"Ṣé òsì kọ́ nìyẹn?" Èmi ni wọ́n bi, kì í ṣe ọmọ.

Ọmọ náà yí ọwọ́ padà kíá, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Màmá gba omi, wọ́n mu ún, wọ́n gbàdúrà fún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i níbi tó ti ń yàwòrán.

"Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ni Màmá wí. Wọ́n ya etí ìborùn wọn kan, wọ́n fi so apá òsì ọmọ náà mọ́ ìhà rẹ̀, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù sí i ní ọwọ́ ọ̀tún. Wọn ò nà án, wọn ò bú u. Orin ni wọ́n ń kọ fún un bí wọ́n ti ń so ó, wọ́n ń pè é ní ìyá wọn, ní olówó orí wọn. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ló mọ bí wọ́n ti ń ta kókó tí kò ní tú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń ti ilé ìwé dé, tó jẹun tán, Màmá á pè é, á lọ, wọ́n á so ó títí iṣẹ́ ilé rẹ̀ á fi parí.

Mo mọ aṣọ yẹn. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi so èmi náà nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí ọmọ mi. Ó mú mi: mo di ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójú ayé. Ohun tí mo bá kọ títí dòní, bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀ ló máa ń rí, iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí mo yàn sì jẹ́ iṣẹ́ tó ń fẹ́ kí ìlà tọ́. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń so ọwọ́ mi, mo ń kólòlò. Ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀kan wé èkejì. Wọ́n ní eyín mi ló ń yọ.

Ibì kan ṣoṣo ni òsì mi ti rí ìjókòó lásìkò yẹn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní kọ̀ǹpútà ní pálọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí àwa ọmọdé ta géèmù níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà jókòó yí wa ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó yẹ kí á fi di ọ̀pá géèmù mú. Kò tíì sí òwe lórí rẹ̀. Òsì ni mo fi ń darí rẹ̀, wọ́n sì ń yìn mí. Wọ́n ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ta.

Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi jáwọ́ nínú àwòrán. Bí mo bá gbé bébà síwájú rẹ̀, á ní "khalas," ó ti tán nìyẹn, á sì tì í sẹ́yìn. Èyí kò tíì dẹ́rù bà mí. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé Lárúbáwá tó máa ń sáré lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà. Á mú ọ̀rọ̀ kan, á tún un mú, á tún un mú, á wá fi í sílẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Bí mo bá gbọ́ ọ, á dà bíi pé èmi ni mo tún ń kólòlò.

"Màmá yín ni," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ bá wọn sọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó ilé kì í bá ìyá ọkọ fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá fà á, òun ni wọn yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn títí di ọjọ́ àjíǹde. Èmi ló tọ́ sí. Mo múra, mo lọ kan ilẹ̀kùn yàrá Màmá, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Wọ́n ní àwọn ti jẹun. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo jáde.

Mo tún lọ ní ọjọ́ mìíràn, mo sì gbìyànjú díẹ̀ sí i. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Wíwẹ̀ ni wọ́n ní kó wẹ̀. Wọn ò ní kó kọ̀wé." Mo tún jáde.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ni mí. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣòro fún mi láti sọ, ẹ̀rọ ni mo máa ń wá. Mo pinnu pé n óò ra ọ̀pá géèmù kan tí yóò dúró sí àárín gbùngbùn àpótí rẹ̀, tí bọ́tìnnì yóò sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tó bá ń ta géèmù nílò ọwọ́ méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò lè so ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá sì ti tú u sílẹ̀, òsì rẹ̀ á lọ síbi tó bá wù ú, kò sẹ́ni tó máa fura. Páàdì pẹlẹbẹ ì bá bá ọmọ mi mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn jù: Màmá á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rí i pé òsì ló ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀, á sì di ohun ìdalẹ̀nù. Èyí tí kò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni ni mo ń fẹ́.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ẹnu wáyà. Páàdì ayé ìgbà yẹn, ihò mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn ní lẹ́nu, gbogbo wọn ló sì ń wọ ara wọn. Ẹ̀tàn ni. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n wọ kọ̀ǹpútà mi geerege, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iná ń gbà nínú wọn yàtọ̀, bí èèyàn bá kì wọ́n bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà á sùn, kò ní jí mọ́. Nítorí náà, gbogbo èyí tí mo bá rí ni mo ń tú wò kí n tó gbà pé ó mọ bàbá rẹ̀.

Mo padà sí haraji, mo tún lọ sí Mahjar. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mahjar, wọ́n mú ọ̀kan wá tí wọ́n ti gbẹ́ ojú ìka sí lára. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fi òsì dì í mú, bí ẹni tó wọ bàtà lódì-lódì ló ṣe mí. Òmíràn ní bọ́tìnnì lápá méjèèjì, inú mi sì ti ń dùn kí n tó tú u, àṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni ti apá ọ̀tún, wọn ò so wáyà kankan mọ́ ọn. Ní haraji, mo rí èyí tó pé pérépéré, ó dára, ó mọ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo gbé e délé, mo dán an wò: ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, ó lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì rárá. Mo rò ó pé bóyá Màmá mi ti bá a sọ̀rọ̀.

"Páàdì kún ilé ìtajà ńlá tó wà lójú títì," ni ìyàwó mi wí nígbà tó rí i pé orí tábìlì ìjẹun wa ti kún. Mo ṣàlàyé fún un pé tuntun ni ti ibẹ̀, wọn ò lè wọ kọ̀ǹpútà àtijọ́, àti pé gbogbo wọn ló ti yan ọwọ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá ìyá yín sọ kò gùn tó èyí tí ẹ sọ fún mi yìí." Mo mú páàdì mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ní ìgbà tí ìyàwó ẹni máa ń sọ òótọ́ jù.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló wá sọ fún mi nípa baba kan ní Rusaifa, ní ìlú Mẹ́kà, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù géèmù nígbà kan rí. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló rìn láti ilẹ̀ Háúsá wá ṣe Hájì láyé àtijọ́, tí wọn ò padà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Màmá sì ti ń sọ pé àwọn fẹ́ tún lọ ṣe Úmúrà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún mi gidigidi pé mo jẹ́ ọmọ tó ń ronú nípa ìyá rẹ̀.

A ṣe Úmúrà tán ní ọ̀sán, ó rẹ Màmá, inú wọn sì dùn. Nínú ọkọ̀, mo rí i pé àkókò nìyí, tí ọkàn wọn rọ̀.

"Màmá, nígbà tí à ń yí Káábà po, apá wo lára wa ni Ilé náà wà?"

Wọ́n ronú. "Apá òsì."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i," ni wọ́n wí. "Ilé Ọlọ́run ló wà níbẹ̀. Ìwọ fẹ́ fi pẹ́ńsùlù wé Káábà. Ṣọ́ra fún ẹnu rẹ nílùú yìí."

Mo ṣọ́ra fún ẹnu mi títí a fi dé Rusaifa. Mo fẹ́ kí Màmá dúró nínú ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n baba náà rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó ní háràmù ni kí àgbàlagbà jókòó síta nílé òun. Ó pè wọ́n ní Haja, ó fún wọn ní àga tó dáa jù, ó gbé kọfí àti omi wá. Ó wá da páálí páàdì sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú wa. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, Màmá sì ń wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ẹni tó bá ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí lo ń wá nínú wọn gan-an? Dúdú ni gbogbo wọn."

"Èyí tó dọ́gba lápá méjèèjì ni, Màmá."

"Kí ló dé?"

"Ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́."

Irọ́ ni mo pa, ní ìlú Mẹ́kà, tèmi tàlùwàlá. Màmá gbà á gbọ́, torí wọ́n gbà pé ọmọ àwọn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ páálí ló wà. Àpótí rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ọ̀pá dúró sí àárín, bọ́tìnnì pupa kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, rọ́bà mẹ́rin sì wà nídìí rẹ̀ tó lè fi mú orí tábìlì dáadáa. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà wà nínú bọ́tìnnì méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì bá kọ̀ǹpútà mi mu. Mo fi ọ̀tún darí ọ̀pá náà, mo fi òsì darí rẹ̀. Kò bá ẹnì kankan ṣe ojúsàájú. Mo bi baba náà ní iye tó jẹ́, ó dá iye kan, mo sì ti ń fọwọ́ kan àpò nígbà tí Màmá ní kí n dúró ná.

Wọ́n gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n pòṣé. "Èyí tó ti gbó yìí? Sọ fún un pé ara rẹ̀ ti ṣá. Sọ fún un pé arìnrìn-àjò ni wá." Mi ò tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí baba náà fi ń rẹ́rìn-ín. Ojú Màmá ti sọ ọ́ fún un. Ó já owó náà, Màmá ní kó tún já a, ó sì tún já a. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí gan-an ló rí: ìyá mi ló bá mi ná ohun ìjà tí mo fẹ́ fi bá wọn jà.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àdúrà Àsàrí, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Ìyàwó mi ti ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ mi jókòó síwájú tábìlì kékeré, apá òsì rẹ̀ wà nínú ìborùn. Géèmù tó bá kọ̀ǹpútà náà wá kò le: igi ọ̀pẹ dàbínù kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n, dàbínù ń jábọ́ látorí rẹ̀, ẹni tó ń ta á ni yóò máa fi ọ̀pá ti agbọ̀n lọ sọ́tùn-ún àti sósì láti gbà wọ́n kí wọ́n má kan ilẹ̀. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ láti da èyí tó wà nínú agbọ̀n sínú àpò. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni dàbínù náà ń yára sí i.

"Màmá, ẹ bá mi tú ọwọ́ rẹ̀," ni mo wí. "Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń ta á."

Màmá tú u láìjanpata. Mo ń yọ̀ nínú. Wọ́n wá fi ìborùn náà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, wọ́n gbé e lé orí ọ̀pá, wọ́n mú òsì, wọ́n gbé e lé bọ́tìnnì. "Ọ̀tún ló ń di ọ̀pá mú," ni wọ́n wí. "A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni." Wọ́n jókòó tì í láti máa ṣọ́ ọ.

Gbogbo ìrìn mi, haraji, Mahjar, Rusaifa, orí ìjókòó yẹn ló parí sí. Mo ti gbàgbé pé Màmá ní ojú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà tó yí wa ká kò mọ ọwọ́ tó yẹ. Màmá ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ohunkóhun tó bá wà láyé, ọ̀tún ló yẹ ẹ́.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Agbọ̀n rẹ̀ kàn ń gbá kiri, dàbínù ń já sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ọ̀rọ̀ náà há, ó fi í sílẹ̀. Ìyàwó mi yí ojú sí fèrèsé. Ó dùn mí débi pé mo dìde láti lọ pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Màmá kò jẹ́ kí n pa á. Oúnjẹ tó ń ṣòfò ni wọ́n ń wò. Wọn ò fẹ́ràn kí oúnjẹ kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n. "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, gbà á! Áà! Òmíràn tún nìyẹn!" Wọ́n ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ìjókòó. Nígbà tí dàbínù tún já, wọ́n ní, "Sún, sún, jẹ́ kí n fi hàn ọ́." Wọ́n fa tábìlì náà sọ́dọ̀, wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n fi ọ̀tún di ọ̀pá mú, wọ́n fi òsì lé bọ́tìnnì.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò sàn ju ti ọmọ lọ. Agbọ̀n lọ sọ́tùn-ún nígbà tí dàbínù wà lósì. Wọ́n pòṣé, wọ́n tẹ̀ síwájú, dàbínù bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mi ò lè sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo tún wo ọwọ́ wọn, àwọn ọwọ́ náà ti pààrọ̀ ipò. Òsì Màmá ló wà lórí ọ̀pá, ọ̀tún ló wà lórí bọ́tìnnì, agbọ̀n sì ń rìn bí ẹni tó mọ ilé. Ó wà lábẹ́ dàbínù kí dàbínù tó já. Ọ̀kan ò kan ilẹ̀. Ojú Màmá kò kúrò lára igi náà.

Èmi àti ìyàwó mi wo ara wa.

Ọmọ ló sọ ọ́. Ó na ìka sí ọwọ́ Màmá, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò dúró lójú ọ̀nà: "Sitti, bil-yasar!"

"Kí ló wí?" ni Màmá bi mí. Wọn ò gbọ́ Lárúbáwá ju ti orí ìrun lọ.

Ìyàwó mi kúrò lójú fèrèsé, ó kọjú sí mi. Mo ronú pé mo lè ní ọmọ ń yìn wọ́n ni. Ó wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

"Ó ní òsì lẹ fi ń ṣe é, Màmá."

Màmá wolẹ̀, wọ́n rí ọwọ́ wọn. Dàbínù ń já bọ́, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ga.

"Bàbá mi ò fi aṣọ so tèmi," ni wọ́n wí. "Okùn ewúrẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n fi máa tú u, òsì ti kú sí mi lára."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún mi, pàápàá nígbà tí wọ́n ń so èmi náà. Wọ́n ní, "Mo rò pé ara mi lo ti mú un. Mo fẹ́ kó kúrò lára rẹ kí ayé tó rí i."

Wọ́n mú ìborùn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ká a, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n fa ọmọ mi mọ́ra. "Má fi jẹun o, ìyá mi. Má fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Èyí tó kù, ìwọ lo ni ín." Ọmọ náà na ọwọ́ sí ọ̀pá géèmù, ó fẹ́ gbà á. Màmá ní kó dúró ná.

Wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn sókè lórí itan, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ká àwọn ìka náà, wọ́n tún nà wọ́n.

"Ọjọ́ mẹ́ta o," ni wọ́n kí ọwọ́ náà.